Ẹ pa stabilizer lẹ́ǹsì yẹn ná: ìgbà tó ń ran fọ́tò lọ́wọ́ àti ìgbà tó ń bà á jẹ́

Ọmọṣẹ́ mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. A lọ ya ìdána kan ní Òkè Ìlẹ̀wọ̀ níbí ní Abẹ́òkúta, bí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe dọ̀bálẹ̀ tán báyìí ló gbé kámẹ́rà wá bá mi, ojú ẹ̀ ti fà ro. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ ló blur, bẹ́ẹ̀ stabilizer wà ní ON o." Stabilizer ni ohun inú lẹ́ǹsì tó ń gba gbígbọ̀n ọwọ́ ẹni tó ń yàwòrán kí fọ́tò má bàa blur. Mo gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀, mo súùmù wọ inú fọ́tò yẹn. Lóòótọ́, rọ́ọ̀gì ilẹ̀ mọ́ kedere, ẹ lè ka òdòdó ara ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àga àwọn ìyá ìyàwó dúró digbí, àmọ́ àwọn ọkùnrin tó ń já lulẹ̀ yẹn dà bí èéfín tí wọ́n wọ agbádá fún. Mo wo nọ́ńbà tó fi yà á: 1/30 (shutter speed nìyẹn, ìdá kan nínú ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì tí ojú kámẹ́rà fi ṣí), ISO 800 (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó), f/4 (aperture, bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó). Mo ní kí ló dé tó o fi lo 1/30 fún èèyàn tó ń dọ̀bálẹ̀, ó ní ṣebí ara páálí lẹ́ǹsì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé stabilizer máa fún wa ní stop mẹ́rin, stop kọ̀ọ̀kan sì ni pé shutter lè pẹ́ ní ìlọ́po méjì kí ọwọ́ tó gbọ̀n tó bà á jẹ́.

Páálí ò parọ́. Òun ni ò bi páálí léèrè pé mímì ta ni.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń bú stabilizer, mi ò bú u o, tèmi wà ní ON ju bó ṣe wà ní OFF lọ. Àmọ́ wọ́n ń tà á fún wa bí àgbo gbogboǹṣe, àgbo tó bá sì ń wo gbogbo àrùn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Canon ń pè é ní IS, Nikon ní VR, Sony ń kọ OSS sára tiẹ̀, Fujifilm ní OIS, Sigma ní OS, Tamron ní VC. Canon ló kọ́kọ́ gbé e sínú lẹ́ǹsì tó ṣeé yọ kúrò lára kámẹ́rà SLR, lọ́dún 1995, 75-300mm kan báyìí (nọ́ńbà mm yẹn ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ wa tó). Nínú lẹ́ǹsì yẹn, sensor kéékèèké wà tí wọ́n ń pè ní gyro, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ bóyá lẹ́ǹsì ń yí sókè sódò tàbí sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ti gbọ́ pé ọwọ́ yín gbọ̀n, gíláàsì kan wà láàárín tí kò dè pinpin mọ́ ibì kankan, mágínẹ́ẹ̀tì á tì í sí òdìkejì kí àwòrán má bàa kúrò lójú kan. Ẹ wo ìyá tó ru korobá omi gun òkè Ìtòkú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tẹ òkúta gbágungbàgun, ìbàdí ẹ̀ ń jó, ọrùn ẹ̀ ló ń ṣàtúnṣe ní gbogbo ìgbà tí omi ò fi dà. Stabilizer ni ọrùn yẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹja ló wà nínú korobá, tí ẹja yẹn ń fò sókè, kí ni ọrùn fẹ́ ṣe sí i?

Ẹja yẹn ni ọkọ ìyàwó tó ń dọ̀bálẹ̀. Òun náà ni ìyá tó ń jó bọ̀ tí wọ́n ń ná owó fún, òun ni ọwọ́ onílù, òun ni ọmọ ọdún mẹ́ta tó já kúrò lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ láàárín ijó. Stabilizer ò mọ̀ wọ́n rárá, ara yín nìkan ló mọ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ bi ara yín: ta ló ń mì, èmi ni àbí ẹni tí mò ń yà? Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yà ni, shutter speed ló máa gbà yín, kò sí ọ̀nà míì. Tèmi rèé, bí mo ṣe máa ń lò ó: tọkọtaya tó dúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, 1/100 tó. Ìyàwó tó ń rìn wọlé, 1/250. Ijó àti ìnáwó, 1/320 sí 1/500, torí ọwọ́ tó ń lẹ owó mọ́ iwájú orí yára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Onílù gángan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ọ̀pá ìlù dáadáa, ẹ lọ sí 1/500 sókè, àmọ́ nígbà míì mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ blur díẹ̀ kí ojú ẹ̀ mọ́, ó máa ń dùn ún wò.

Inú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ńkọ́? Ẹ ṣí aperture, ẹ gbé ISO sókè, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Fọ́tò tó ṣe hóró-hóró bíi gàrí Ìjẹ̀bú ṣeé tọ́jú lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó blur, ọwọ́ yín ò lè tún un ṣe mọ́. Tó bá sì jẹ́ fíláṣì ló ń fún yín ní gbogbo iná tẹ́ ẹ fi ń yàwòrán, iná yẹn kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ó ti lọ, òun fúnra ẹ̀ ló ń dá èèyàn dúró, stabilizer ò rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dé orí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a máa ń gbé kámẹ́rà lé, ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Alẹ́ ọjọ́ kan mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ láti ya iná ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, irú fọ́tò tí iná ẹ̀yìn mọ́tò máa ń fà gbọọrọ bí okùn pupa yẹn. Tripod mi dúró dáadáa, shutter jẹ́ sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, mi ò fọwọ́ kàn án, mo yà á tó ogún. Nígbà tí mo délé mo ṣí i, okùn pupa yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ pátákó àwọn ṣọ́ọ̀bù di méjì-méjì, bíi pé ẹni tó mu ògógóró ló wò wọ́n. Mo ka ẹ̀bi sórí tripod o, mo ní tòkunbọ̀ ni, mo fẹ́ lọ ra òmíì. Ọ̀gá kan ló bi mí ṣé mo pa VR. Mi ò pa á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lórí tripod, ọwọ́ ò gbọ̀n, àmọ́ gyro yẹn ṣì ń tẹ́tí. Gíláàsì tó ń sún díẹ̀díẹ̀ ń fa mímì kékeré tiẹ̀, gyro á gbọ́ mímì yẹn, á rò pé ẹ̀yin ni, á tún ní kí gíláàsì sún, ó ń bá òjìji ara ẹ̀ jà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ kì í gbọ̀n, ṣe ló máa ń yọ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá yẹn, tẹ́ ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tẹ́ ẹ ti máa súùmù. Ìyá tó ru omi ti jókòó sórí àpótí, síbẹ̀ ọrùn ò sinmi.

Torí náà: bí kámẹ́rà bá ti wà lórí tripod, lórí ògiri, lórí àpò ìrẹsì, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí wọ́n ti pa, ẹ gbé e sí OFF. Àwọn lẹ́ǹsì kan wà tó mọ̀ ọ́n pé àwọn wà lórí tripod tí wọ́n á dákẹ́ fúnra wọn, àwọn míì ò mọ̀ ọ́n, ẹ ka ìwé tó bá tiyín wá. Tí ìwé ẹ̀ bá ti sọnù, ẹ dán an wò: ẹ gbé nǹkan tó ní lẹ́tà kéékèèké síwájú, ẹ yà á lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ON, lẹ́ẹ̀márùn-ún ní OFF, pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì kan tàbí méjì, tí ẹ á fi timer yà á kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ wá fi wọ́n wéra ní 100%. Monopod yàtọ̀ o, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣì máa ń mì, ẹ lè fi í sílẹ̀ ní ON. Kámẹ́rà tó bá sì ní stabilizer tiẹ̀ nínú ara, lọ́dọ̀ sensor tó ń gba àwòrán, ẹ rántí pa tọ̀hún náà, torí mo ti rí ẹni tó pa ti lẹ́ǹsì tó gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣì wà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tún wà, èyí tí kò sí nínú ìwé òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá gbé tripod sórí dẹ́kìnnì kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ilẹ̀ yẹn ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Àwọn èèyàn á ní kẹ́ ẹ tan stabilizer kó lè gbà á. Nínú èyí tí mo gbìyànjú, kò gbà á, irú gbígbọ̀n yẹn kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ gbé tripod lọ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dúró kí NEPA mú iná wá.

Shutter tó ti yára tẹ́lẹ̀ ò nílò ẹ̀. Òfin àtijọ́ yẹn ṣì wúlò: lẹ́ǹsì 200mm, 1/200 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ kámẹ́rà tí sensor ẹ̀ kéré, ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀ fún Nikon, 1.6 fún Canon, ìyẹn bíi 1/300 tàbí 1/320. Tẹ́ ẹ bá wà ní ọ̀sán gangan lórí Olúmọ tí oòrùn ń jó yín lórí, tí shutter ti wà ní 1/1000, kí ni stabilizer ń ṣe níbẹ̀? Ó ń jẹ bátìrì. Èmi máa ń pa á tí mo bá ti kọjá 1/500. Àwọn kan á ní kò pa yín lára tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, mi ò ní bá wọn jà, àmọ́ ẹni tí ò níṣẹ́, kó lọ sílé.

Kẹ̀kẹ́ Maruwa ńkọ́? Ká ní ẹ fẹ́ ya kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kọjá ní Kútọ̀, kí kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ kí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ fà lọ gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ, shutter 1/30 sí 1/60, ẹ ò sì ní dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ máa bá a lọ. Tí stabilizer bá wà ní Mode 1, èyí tó ń gba gbogbo mímì, ó máa rò pé yíyí tẹ́ ẹ̀ ń yí yẹn ni ọwọ́ tó ń gbọ̀n, á máa fà yín padà, ẹ ó wá rí i pé kẹ̀kẹ́ ò mọ́, ẹ̀yìn náà ò fà. Lẹ́ǹsì Canon tó ní Mode 2, Mode 2 ni kẹ́ ẹ lò, sókè-sódò nìkan ló máa bá yín mú níbẹ̀, kò ní dí yín lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti Nikon, Normal máa ń mọ̀ fúnra ẹ̀ pé ẹ̀ ń yí, Active ni kẹ́ ẹ má lò, ìyẹn wà fún ìgbà tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tó ń jó nínú kòtò. Lẹ́ǹsì tí ò ní irú bọ́tìnì báyìí, ẹ pa gbogbo ẹ̀. Ẹ sì dúró síbi tí kẹ̀kẹ́ ò ti ní gbá yín o, mi ò sí níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í kíyè sí, stabilizer kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ẹ wo inú viewfinder, ihò tẹ́ ẹ máa ń yọjú wò lára kámẹ́rà, àwòrán á kọ́kọ́ fò díẹ̀, á wá jókòó. Ó lè tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì, ó lè tó odindi kan kó tó fara balẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá bọ́tìnì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pa ẹ̀fọn, fọ́tò àkọ́kọ́ ẹ̀ ò ní mọ́ tó bó ṣe yẹ, fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn sì ni ìgbà tí ìyá ìyàwó bú sẹ́kún. Ẹ tẹ ẹ́ dé ìdajì kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ dì í mú síbẹ̀. Tẹ́ ò bá ní àyè ìyẹn, ẹ gbé shutter sókè kẹ́ ẹ pa stabilizer.

Fún fídíò, ọ̀rọ̀ méjì. Lẹ́ǹsì míì máa ń kùn, mic orí kámẹ́rà á gbọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó dákẹ́ nígbà àdúrà ẹ ó gbọ́ ọ kedere nínú fídíò bí ẹ̀fọn tó há sínú páálí, torí náà ẹ lo mic tó dá dúró tẹ́ ẹ gbé jìnnà sí lẹ́ǹsì. Ìkejì, tẹ́ ẹ bá ń yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹbí ọkọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyàwó, stabilizer á di àwòrán mú díẹ̀, á wá jù ú sílẹ̀ lójijì, ìfò yẹn ò dáa lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i báyẹn, ẹ gbé e sórí tripod tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, OFF.

Ìwúwo àti owó. Ẹ wo 70-200mm f/2.8 Canon EF àtijọ́: èyí tí ò ní IS jẹ́ gíráàmù 1310, èyí tó ní IS II jẹ́ 1490. Gíráàmù 180 ò jọ nǹkan kan láàárọ̀, ẹ dúró kó di aago méje alẹ́ tí alága ò tíì parí. Owó wọn náà kì í ṣe ẹgbẹ́. Èmi kì í gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó torí stabilizer nìkan fi owó gọbọi kún owó lẹ́ǹsì. 50mm f/1.8 kékeré yẹn ò ní stabilizer kankan, àmọ́ ní f/1.8 ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé bí ìlọ́po márùn-ún lẹ́ǹsì tó wà ní f/4. Ìmọ́lẹ̀ yẹn lẹ lè fi ra shutter speed, shutter speed sì ń dá ọwọ́ yín dúró, ó tún ń dá ẹni tó ń jó dúró. Stabilizer ò lè ṣe ìkejì yẹn láéláé. Ibi ayẹyẹ nìkan ni mò ń sọ o, ẹni tó ń ya ẹyẹ tàbí bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ súnmọ́ bí. Nǹkan tó ń yí bá wà nínú lẹ́ǹsì, nǹkan tó lè bàjẹ́ ti kún un. Mo ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ, ara ẹ̀ ń dán bíi tuntun, mo gbọ́n ọn sétí, ó ń dún kó-kó-kó, mo ní kí lèyí, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀, kó-kó-kó yẹn nìkan kì í ṣe àìsàn, ìwé Nikon fúnra ẹ̀ sọ pé tí iná bá kúrò nínú lẹ́ǹsì nígbà tí VR ń ṣiṣẹ́, ó lè máa dún tẹ́ ẹ bá gbọ́n ọn. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò gbé e sórí kámẹ́rà kí n tẹ́tí. Nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀ nílé, tí mo tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, àwòrán inú viewfinder ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Owó tí wọ́n fẹ́ gbà tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi rà á.

Ẹ mú kámẹ́rà tiyín dání tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹ súùmù dé òpin, ẹ tan stabilizer, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ẹ gbé etí mọ́ ọn: kíkùn jẹ́jẹ́ ò burú, tó bá ń họ bí ìgbà tí wọ́n ń fá ìkòkò, ẹ dá a padà fún un. Ẹ ya nǹkan tó dúró lójú kan, mẹ́wàá ní ON, mẹ́wàá ní OFF, ní 1/50 tó bá jẹ́ 200mm. Tí ON bá burú ju OFF lọ, ó ti bàjẹ́. Ẹni tó ń tà á lè wá ní kẹ́ ẹ kàn máa lò ó ní OFF. Ẹ má tíì gbà. Gíláàsì tí wọ́n ní kó máa sún yẹn, tí kò bá padà sí àárín gbùngbùn kó dúró, ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò máa mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á blur, kódà ní OFF. Ní Ìtòkú, adìrẹ ẹlẹ́kọ tó ní ìlà onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni mo fi ń dán tèmi wò, mo máa ní kí ìyá yẹn jẹ́ n ta á mọ́ ògiri kó tẹ́, máa dojú kọ ọ́ gbọọrọ, máa wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mi ò kì í ra aṣọ.

Kẹ́ ẹ tó yọ lẹ́ǹsì lára kámẹ́rà, ẹ gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì, ẹ jẹ́ kí kíkùn yẹn tán kẹ́ ẹ tó pa kámẹ́rà, kí gíláàsì lè padà sáyè ẹ̀ ká tó jù ú sínú báàgì lẹ́yìn ọ̀kadà. Tẹ́ ẹ bá wá bọ́tìnì ON àti OFF lára lẹ́ǹsì tẹ́ ò rí i, bíi àwọn AF-P DX Nikon, inú mẹ́nù kámẹ́rà ló wà, àwọn kámẹ́rà Nikon tó ti pẹ́ ò sì ní i nínú mẹ́nù rárá, ON ló máa wà títí ayé, ìyẹn sì jẹ́ ìdí kan tí mi ò fi ń gbé irú ẹ̀ sórí tripod.

Ìgbà wo wá ni kẹ́ ẹ tan án? Nígbà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń mì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ l'Áké tẹ́ ẹ fẹ́ ya fèrèsé láìsí tripod, òrùka lórí Bíbélì, kéèkì kí wọ́n tó gé e, bàbá àgbà tó jókòó tó ń wo ijó àwọn ọmọ ẹ̀ tí kò mira. Níbẹ̀, 200mm ní 1/25, ó máa mú un, ẹ ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ìdána Òkè Ìlẹ̀wọ̀ yẹn ńkọ́? Orí ló yọ ọmọ yẹn. Alága ìjókòó wo àwọn ọkùnrin yẹn láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò kanlẹ̀, pé òun rí ẹni tó fi orúnkún gbé ara ẹ̀, kí wọ́n dìde kí wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ǹsì yẹn ṣí dé f/2.8, òun ló fi í sí f/4, mo ṣí i, mo gbé ISO lọ sí 3200, shutter di 1/250, mo dá kámẹ́rà padà fún un. Wọ́n já lulẹ̀ gbì. Fìlà ọ̀kan nínú wọn fò kúrò lórí, ó wà lójú afẹ́fẹ́ nínú fọ́tò náà, ẹ lè ka òwú tó wà létí ẹ̀. Stabilizer ṣì wà ní ON, ẹnikẹ́ni ò rántí ẹ̀.